Omi Ò Ka Ìwé-Àṣẹ

Ní Òkè-Àró, l'Ákùúrẹ́, lọ́sẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò dé,
mo bọ́ bàtà sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo wọ pálọ̀ mi,
ìbọ̀sẹ̀ mi rin gbindin.
Kì í ṣe òrùlé ló ń jò.
Omi ìwẹ̀ mi ló gbéra ìrìn àjò,
ó kúrò ní balùwẹ̀, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn,
ó wá lúgọ sábẹ́ àga olóògbé
bí àlejò tó ti mọ ilé tẹ́lẹ̀.

Kọngílá Akíntẹ́wẹ̀ ló tún balùwẹ̀ náà ṣe.
Ẹni tó ní ìwé-àṣẹ ni, ojú mi ló ṣe:
ó wà nínú férémù lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìjọ́kà,
òǹtẹ̀ pupa, ìbuwọ́lù méjì, dígí tí wọ́n nù mọ́ roro.
Mo kà á tán. Mo san ìdajì owó.
N ò béèrè ẹni tí yóò di lẹ́fẹ́ẹ̀lì mú lọ́jọ́ iṣẹ́.

Mo pè é. Fóònù dún títí, kò gbé e.
Mo tún pè é. Ó ní Ọ̀rẹ́ lòun wà,
kí n fi àkísà nù ún, ilẹ̀ tuntun ló ń làágùn.
Ilẹ̀ ń làágùn!
Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò,
n ò rí ilẹ̀ tó làágùn rí.

Àbúrò mi ní ká gba kóòtù lọ.
Mo ní rárá, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́,
ilé ìyá Akíntẹ́wẹ̀ ló sì kọjú sí tèmi,
kànga kan náà la jọ ń fà.
Mo kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ wọn,
mo fi risíìtì mẹ́ta tì í, pẹ̀lú fọ́tò,
mo kọ déètì sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan.

Ẹgbẹ́ rán Bàbá Olówófẹlá wá,
òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ilé-iṣẹ́ omi, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀.
Kò béèrè ìwé. Kò béèrè ẹni tó kọ́kọ́ bú ẹnì kejì.
Ó ní, "Ẹ bá mi pọn omi garawa kan."
Ó dà á sáàárín balùwẹ̀.
Gbogbo wa dúró, à ń wò ó
bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.
Omi náà rò ó díẹ̀.
Ó kẹ̀yìn sí ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un,
ó forí lé pálọ̀.
Kọngílá la ẹnu, ó tún pa á dé.

Mo ti fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá bá yíjú sí mi:
"Ìyáàfin, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.
Àpò símẹ́ǹtì mélòó ló kọ fún yín?"
Mẹ́jọ.
"Mélòó lẹ rà?"
Ẹ̀yin èèyàn mi, ahọ́n mi wúwo.
Márùn-ún.
Mo ti fi bíírò fa mẹ́ta yọ nínú ìwé náà,
èmi olùkọ́ ìṣirò.

Orí ìdérí garawa la ti kọ àdéhùn:
kó hú gbogbo táìsì yẹn láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá,
kò ní gbowó iṣẹ́;
kí n ra àpò mẹ́ta mi;
ìyókù owó, ọwọ́ Bàbá ni yóò wà
títí omi garawa kejì yóò fi mọ̀nà.
Akíntẹ́wẹ̀ buwọ́ lù ú. Ó wolẹ̀.
"Mọ̀mọ́, ọmọṣẹ́ ni mo rán. Mi ò padà wá wò ó."
Gbólóhùn yẹn ni mo ti ń dúró dè látọjọ́ fóònù.
Ká ní ó ti sọ ọ́ nígbà náà ni,
bóyá n kì bá tí kọ lẹ́tà.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá di mọ́kàndínlógún, ó ní òjò ni.
Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ ṣe é,
símẹ́ǹtì dé ìgúnpá rẹ̀.
Omi ìwẹ̀ mi ń gba ọ̀nà tó yẹ báyìí,
ó ń wá odò Àlà lọ láìdágbére fún mi.

Táìsì kan ṣì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.
Bí mo bá fìka kàn án, á dún bí igbá òfìfo.
N ò tíì sọ fún un.
Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé e.